Ọgbà Orí Páálí

Ọmọbìnrin náà tẹ́ páálí sórí tábìlì tí ìyá rẹ̀ fi ń gé aṣọ, ó gbé rúlà lé e, ó sì rọra fa abẹ kọjá lára rẹ̀. Kò tẹ abẹ náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá kánjú tẹ abẹ, etí páálí yóò hu irun bí aṣọ tó ti gbó. Ó fà á, ó tún fà á, títí páálí fi já fúnra rẹ̀, tí etí rẹ̀ sì mọ́ roro.

"Ìyá Páálí!" Láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni ìyá rẹ̀ ti pè é. Orúkọ yẹ̀yẹ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn, nítorí kò sí páálí tí wọ́n dà síta ní ìdí ṣọ́ọ̀bù tí kì í gbé relé. "Bí o bá gé tábìlì mi, orí rẹ ni n óò máa gé aṣọ lé o."

"Mo tẹ́ pátákó sábẹ́ rẹ̀, Màámi."

"Mo gbọ́. Ọmọ tó ń kọ́ ọgbà fún odindi ìlú, tí ẹsẹ̀ ò ríbi gbà nínú yàrá tirẹ̀."

Òótọ́ ni, ọgbà ìlú ló ń kọ́. Ọkùnrin agbaṣẹ́ṣe kan fẹ́ gba ọgbà ìgbafẹ́ tó wà láàárín ìlú, kí ó fi kọ́ ilé ìtajà. Ó ní òun yóò fi ilẹ̀ mìíràn dí i lẹ́yìn ìlú, ilẹ̀ tó fẹ̀ ju ti àárín ìlú lọ dáadáa, òun yóò sì ṣe ọgbà tuntun síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ń kùn. Abẹ́ igi ọgbà yẹn ni àwọn àgbà ti ń gba atẹ́gùn, pápá rẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Agbaṣẹ́ṣe wá ronú pé ohun tí etí kò gbà, ojú lè gbà á. Ó ti rí ilé ìwé tí Ìyá Páálí fi páálí kọ́ níbi ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló bá wá a wálé.

"Bá mi kọ́ ọgbà tuntun yìí, kí gbogbo ayé rí i," ló wí. Ó sì gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun lé e lọ́wọ́, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ọmọbìnrin náà fẹ́ kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní yunifásítì. Kọ̀ǹpútà yẹn ti wọ inú àlá rẹ̀ tipẹ́. Síbẹ̀, ó béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilẹ̀ yẹn, ibo ló ga, ibo ló rẹlẹ̀?"

"Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ."

"Ṣé mo lè lọ wò ó?"

"Kí lo fẹ́ lọ wò? Ṣé ilẹ̀ máa ń rìn ni?"

Ó mọ̀ pé ẹni tó kọ́ ọgbà láì rí ilẹ̀ rẹ̀ dà bí aránṣọ tó gé aṣọ láì wọn oníbàárà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀, ó sì ń dán. Ó pa ẹnu mọ́, ó fi páálí kan ṣoṣo ṣe ilẹ̀, pẹrẹsẹ.

Ọgbà náà rẹwà kọjá sísọ. Ó gé fóòmù wẹ́wẹ́, ó kùn ún láwọ̀ ewé, ó di igi. Igi ìṣáná ló fi kan àwọn àga gbọọrọ. Wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, èrò sì ń wọ́ wá. Màmá àgbà kan tí kì í fi àárọ̀ kankan ṣaláì jókòó nínú ọgbà àárín ìlú tẹjú mọ́ ọn, ó ní: "Bó bá ṣe pé báyìí ló máa rí, kí wọ́n yáa máa mú ti àárín ìlú lọ." Ní ilé ìwé, àwọn tó ń fi Ìyá Páálí ṣẹ̀sín bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ya fọ́tò.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé ló ní kí ó mú àwọn lọ wo ilẹ̀ tuntun náà. Òjò ti rọ̀ ní àná ọjọ́ náà. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, esùsú ni wọ́n bá, ó ga ju èèyàn lọ, omi dúdú sì dúró láàárín rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tẹ ẹsẹ̀ síwájú, bàtà rẹ̀ rì, ẹsẹ̀ nìkan ló rí fà jáde.

"Ìyá Páálí," ó ní, "ṣé bọ́ọ̀lù la fẹ́ máa gbá níbí, àbí ẹja la fẹ́ máa pa?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi ò fara mọ́ pàṣípààrọ̀ yìí tẹ́lẹ̀," ló wí. "Ọgbà tí o kọ́ yẹn ló yí i lọ́kàn padà."

Ọ̀rọ̀ náà gún un bí abẹ́rẹ́. Kò tilẹ̀ fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò tí ó fi gba ọ́fíìsì agbaṣẹ́ṣe lọ.

"Sà, inú omi ni ilẹ̀ yẹn wà!"

"Yóò gbẹ."

"Esùsú ló hù níbẹ̀, sà. Esùsú kì í hù sórí ilẹ̀ tó ń gbẹ."

Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ti àga, ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló bi ọ́ léèrè? Ọmọ tó gbọ́n a máa jẹun, kì í bi oúnjẹ ní orírun. Bí o bá sì fẹ́ pariwo, máa pariwo. Wọn yóò bi ọ́ pé ta ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ."

Ó yí padà, ó sì gba ilé lọ. Ó bínú sí ọkùnrin náà, ó sì bínú sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó rò ó fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké," ni ìyá náà wí. "Ó ti fi kọ̀ǹpútà ra tìrẹ. Bí mo bá rán aṣọ lódì, kí ni mo máa ń ṣe?"

"Ẹ máa ń tú u, Màámi."

"Ó tán. Lọ tú u."

Àbúrò ìyá rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, gbé rọ́bà omi rẹ̀ jáde. Rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara ni, omi ló kún inú rẹ̀. Bí ẹnì kan di orí kan mú níbí, tí ẹlòmíràn di orí kejì mú lọ́hùn-ún, ibì kan náà ni omi yóò dúró sí ní orí méjèèjì, ì báà jẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà. Omi kì í ṣe ojúsàájú. Ìwọ̀n tó bá wà láti ojú omi dé ilẹ̀ ni yóò sọ bí ibì kan ṣe rẹlẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ọmọbìnrin náà ti òpópónà wọn ilẹ̀ náà wọnú esùsú, ó sì wọ̀n ọ́n gòkè lódìkejì. Bí abọ́ ló rí: gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ga, àárín rẹ̀ jìn.

"Bọ̀ọ̀dá, gbogbo omi òpópónà, ibí ló ń wá sùn!"

"Ṣebí ilé rẹ̀ nìyí," ni bọ̀ọ̀dá rẹ̀ fèsì. "Àwa la fẹ́ wá lé e jáde."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó gé páálí ní ìpele ìpele, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ṣe ga àti bí ó ṣe rẹlẹ̀, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ó sì fi ọ̀dà olóròóró kùn ún kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Ó to igi fóòmù àti àga igi ìṣáná sí i bíi ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́.

Ní ọjọ́ ìpàdé tí ìlú fẹ́ fi pinnu ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ náà, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Agbaṣẹ́ṣe ti na ọ̀pá sí ọgbà páálí àkọ́kọ́, ó ń ròyìn, nígbà tí ọmọbìnrin náà àti bọ̀ọ̀dá rẹ̀ gbé ìkejì wọlé.

"Ta ló pè ọ́?" ni alága ìjọba ìbílẹ̀ bi í.

"Kò sẹ́ni tó pè mí, sà. Èmi ni mo kọ́ ọgbà tí ẹ ń wò yẹn. Irọ́ ni mo kọ́. N kò dé ibẹ̀ kí n tó kọ́ ọ, mo sì gba kọ̀ǹpútà lé e."

Ọmọbìnrin náà gbé ọgbà kejì kalẹ̀ síwájú èrò. Ó gbé kẹ́tù, ó da omi sí òpópónà páálí bí ẹni pé òjò ń rọ̀. Omi ṣàn wálẹ̀, ó kóra jọ sí àárín ọgbà, ó bo pápá, ó sì gbé àwọn àga igi ìṣáná nílẹ̀.

Màmá àgbà na ọrùn. "Ẹ gbà mí o! Ṣé àga tí mo fẹ́ máa jókòó lé ló ń léfòó yẹn?"

"Eré ọmọdé rèé!" ni agbaṣẹ́ṣe ké.

Bàbá ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù dìde. "Eré ọmọdé náà ni ti àkọ́kọ́, ẹ̀yin lẹ gbé e wá fún wa. Ṣé omi wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Ní... ní àsìkò òjò nìkan ni."

"Ṣé àsìkò òjò kì í ṣe ara ọdún mọ́ ni? Ẹ fẹ́ gba ilẹ̀ gbígbẹ lọ́wọ́ wa, kí ẹ fi àbàtà san án! Ẹni tó bá ta erùpẹ̀, owó òkúta ni yóò gbà!"

Ariwo sọ. Alága lu tábìlì títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ pàṣípààrọ̀ náà nawọ́, ọwọ́ kan kò gòkè.

Ọmọbìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà síwájú agbaṣẹ́ṣe. Ọkùnrin náà há a mọ́ abíyá, ó sì bá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin náà lọ kúnlẹ̀ fún bàbá tó sọ̀rọ̀ yẹn.

"Ẹ forí jì mí, sà. Èmi ni mo tàn yín."

"O tàn mí lóòótọ́," ni bàbá náà wí, kò rẹ́rìn-ín. "Inú ń bí mi sí ọ. Ṣùgbọ́n dìde. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já irọ́ ara rẹ̀ kò pọ̀ níbí."

Ó ti wá yé ọmọbìnrin náà pé iṣẹ́ ọwọ́ ní ẹnu tirẹ̀: ó lè sọ òótọ́, ó sì lè purọ́, bí ó bá sì ṣe rẹwà tó ni irọ́ rẹ̀ ṣe ń jìnnà tó. Ọ̀dọ́ tó bá ní ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀bùn rẹ̀ ṣe, kí ó tó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, a kì í fi ojú ẹlòmíràn wò ó kí a tó fi sílẹ̀.

Wọ́n gbé ọgbà páálí àkọ́kọ́ kúrò ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n gbé ìkejì síbẹ̀. Àwọn tí kò sí ní ìpàdé ń wá, wọ́n ń fi ife da omi sí i fúnra wọn, wọ́n sì ń mi orí. Kò pẹ́ tí omi fi mú kí etí páálí rẹ̀ kan wú. Ọmọbìnrin náà lọ gbé páálí tuntun, ó sì lọ tún un ṣe, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ń pariwo góòlù nínú ọgbà àárín ìlú.