Ewé Tí Clément Kò Jù

Mi ò mu ọtí kí n tó kọ èyí, orí mi sì pé. Ẹni tó bá wù kó pè é ní irọ́. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ló ṣe é.

Ọdún kẹta tí Dahomey gba òmìnira ni. Mo ti wa ọkọ̀ ẹrù láti Kútọnu dé Niamey, mo sì ti bá òyìnbó kan wa ọkọ̀ eré ní Abidjan fún ọdún mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ tó gbé mi dé Kétu. Ibẹ̀ ni Clément ti rí mi. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn fádà, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ní Peugeot ògbólógbòó kan tó ń tọ́jú bí ẹyin.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún òmìnira, wọ́n máa ń fi ọkọ̀ sáré ní Kétu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbéra. Láti pápá ilé ẹ̀kọ́, kí o gba ọ̀nà Idigny, kí o yípo gba ọ̀nà oko padà sí pápá. Kìlómítà méjìlá. Ẹni tó bá tètè dé jù ló borí. Lọ́dún tó ṣáájú, Clément ló kẹ́yìn. Jean-Baptiste, awakọ̀ ọ̀gá ìjọba kan, sọ Clément lórúkọ níṣojú Sidonie ìyàwó rẹ̀: Ìgbín Fádà. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì fi kọrin.

"Ẹ kọ́ mi, Baba," ni Clément wí. "Sidonie ti lóyún. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi wá bá orúkọ yẹn nílẹ̀."

Mo bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Imú ọkọ̀ lò ń wò. Ṣé ó fẹ́ sá lọ ni? Wo ọ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán."

"Mo gbọ́, Baba."

"Tẹ bíréèkì kí o tó dé igun. O ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú igun. Ṣé inú ọbẹ̀ lo ti máa ń gé ẹran?"

"Baba, ẹ̀ ń bú mi o."

"Èébú kì í bẹ́ táyà. Wakọ̀."

Ó gbọ́ràn. Mi ò kọ́ ẹni tó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló fi ń yípo nígbà tí mo dé. Láàárín oṣù kan, ó di mẹ́wàá àti ààbọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá géérégé ni ti Jean-Baptiste. Ibẹ̀ la há sí.

Òkìtì ewé kan wà lẹ́bàá ọ̀nà Idigny. Ó ga dé àyà ènìyàn. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, ẹlẹ́sẹ̀ ni o, oníkẹ̀kẹ́ ni o, awakọ̀ ni o, á rọra, á ju ewé kan sí i. Èmi náà ń jù ú. Mo bi àgbà kan léèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Àlejò, ewé ni." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Clément náà máa ń kó ewé sórí àga. Tó bá débẹ̀, á dẹ eré, á jù ú, á tún wá máa wá jíà. Mo fi aago wò ó. Ó ń jẹ ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ.

"Fi ewé yẹn sílẹ̀," ni mo wí.

"Baba, kò sẹ́ni tó ń…"

"Jean-Baptiste ń jù ú. Ìdí tí wàá fi borí rẹ̀ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kó dá lọ. Mo dúró ní pápá pẹ̀lú aago. Sidonie lọ dúró sí ọ̀kánkán òkìtì ewé, kó máa lé ewúrẹ́ kúrò lọ́nà. Ọkọ̀ gbéra. Ariwo rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó pòórá.

Ó padà dé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Mo gbọn aago náà. Ó ń ṣiṣẹ́.

Clément sọ̀ kalẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bó. Ó mu igbá omi mẹ́ta láìmí. Ìṣojú mi ló ti fá irùngbọ̀n kó tó wọkọ̀, irun sì ti hù dúdú ní àgbọ̀n rẹ̀. Mo ṣí ojú táǹkì. Èmi ni mo rọ ẹsáǹsì kún un. Ó gbẹ táútáú.

"Ọ̀nà yẹn gùn lónìí, Baba."

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni."

"Lóòótọ́?" Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé.

Sidonie fẹsẹ̀ rìn dé lẹ́yìn náà. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Baba, ibo ni Clément gbà? Kò gba ọ̀dọ̀ mi kọjá."

"O sùn lọ ni. Aboyún ni ọ́."

"Mi ò sùn, Baba."

"Má sọ fún un. Àyà rẹ̀ á já, wọn á sì tún fi eré nà án."

Ó wò mí títí. Àgbà ni mí. Ó gbà.

Ó yẹ kí n sọ fún ọkùnrin náà. Ó yẹ kí n gbé apẹ̀rẹ̀ ewé kan sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́fà! Kò sí ẹni tí mo kọ́ rí tó ṣe irú rẹ̀. Mo fún un ní abẹ́, mo ní kó tún irùngbọ̀n fá.

Ọjọ́ eré dé. Pápá kún. Jean-Baptiste sáré tirẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá géérégé, ó ń jó kiri. Sidonie tún kọ́là ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ ṣe. Clément wọkọ̀. Ó na ọrùn sí mi.

"Baba, ṣé kí n jù ú lónìí?"

Ó bi mí. Ó fẹnu ara rẹ̀ bi mí.

"Wakọ̀," ni mo wí.

Ó lọ. Àwọn ènìyàn ń kọrin ìgbín. Mo ka ìṣẹ́jú kan. Mo ka ìkejì. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn igi, ní igun tó kẹ́yìn. Ó wúkọ́. Ó kú. Orin kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Èmi nìkan ni mo lọ.

Kò sí ọ̀dà lára ọkọ̀ náà mọ́. Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀kùn rẹ̀, koríko sì ti hù gba ilẹ̀ rẹ̀ wọlé. Arúgbó kan jókòó nídìí sítíárì. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó gùn dé àyà. Ọ̀ọ́kán ló ń wò, bí mo ṣe kọ́ ọ.

"Baba," ló pè mí. Ó dàgbà jù mí lọ. "Mi ò tẹ bíréèkì nínú igun."

Mo fa ilẹ̀kùn náà ṣí.

"Aago wí pé kí ni?"

"Ìṣẹ́jú méjì."

Ó mi orí.

"Ṣé Sidonie ṣì wà láyé?"

Mo dì í mú sọ̀ kalẹ̀. Ó fúyẹ́ bíi pòròpórò. Mo wá fi èjìká ti ọkọ̀ náà, mo tì í sínú kòtò, eèsún bò ó mọ́lẹ̀. Arúgbó náà dúró, ó ń wò mí. Kò bi mí léèrè.

Sidonie pàdé wa létí pápá.

"Baba, ẹ ò rí Clément?"

"Rárá."

"Bàbá yìí ńkọ́?"

"Arìnrìn-àjò ni. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún rẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, Baba." Ó bu omi fún un. Arúgbó náà fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wo ikùn Sidonie. Ó wo ojú rẹ̀. Ó la ẹnu, ó sì yíjú sí mi.

Mo mi orí pé rárá.

Ó pa ẹnu dé. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Mo gbé àpò mi kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Sidonie ti tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ igi, ó sì dúró síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ bo iwájú orí, ó ń wo ọ̀nà. Arúgbó náà jókòó lẹ́yìn rẹ̀, òun náà kọjú sí ọ̀nà, ó ń bá a retí Clément.