Ohun Tí Wọ́n Ní Kó Má Sọ fún Mi

Ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Joju, ó ní òun fẹ́ ìrọ̀rí tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí òkè.

"Irú orí wo ló ń sùn sórí òkè?" mo bi í.

"Kì í ṣe orí, Àǹtí. Ẹsẹ̀ ni. Bàbá kan wà ní ọsibítù wa ní Ijoko, rọpárọsẹ̀ ló ṣe é. Tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ga díẹ̀, kò ní wú."

Iṣẹ́ mi ni. Mo máa ń ra àgékù fóòmù lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe tìmùtìmù ní Sango, màá gé e, màá rán aṣọ sí i. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fúnra mi kọ́ ìwé kíkà.

Ó jókòó sórí òkìtì fóòmù, ó ń dúró. Kí n tó gé tirẹ̀ tán, oorun ti gbé e lọ.

Mi ò jí i. Òjò wínníwínní ń rọ̀. Èéfín ilé-iṣẹ́ rọra ń kọjá lójú ọ̀run, eruku fóòmù ń fò káàkiri bí ẹni pé kò fẹ́ balẹ̀ mọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Nígbà tó jí, ojú tì í. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo hanrun?"

"Bíi tirela tó ń gun òkè."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Ayọ̀kúnnúmi ni orúkọ òun, físíò ni òun, iṣẹ́ òun ni kí ara tó ti kọ iṣẹ́ tún padà máa ṣiṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá. Nígbà mìíràn, kò ní ra nǹkan kan.

"Hajarat," ó ní lọ́jọ́ kan, "ojú rẹ ń tàn bí òṣùpá."

"Òṣùpá ò ránṣọ. Sọ ohun tó o fẹ́ sọ."

"Mo fẹ́ràn rẹ."

"Ṣé o rí i? Kò le."

Tí ọrùn bá ń dùn mí nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ tí mò ń tẹ̀ba lé látàárọ̀, yóò dúró sẹ́yìn mi, yóò fi àtàǹpàkò wá ibi tó ti dì. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu, gbogbo ayé ń rí wa. Síbẹ̀, ariwo ọkọ̀ yóò jìnnà, ọ̀sán yóò gùn, yóò dà bí ẹni pé mo ń léfòó lójú omi. "Olólùfẹ́ mi, mí sínú," yóò wí. "Mí síta." Mo lè mí bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ ikú mi.

Àwọn òbí wa ò léfòó ní tiwọn. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ìjọ ńlá kan, ó ní ọmọ òun kò ní fẹ́ ọmọ Mùsùlùmí. Bàbá mi, Bàbá Àmọ̀dá, ń rán fìlà ní ìsọ̀ tó kángun sí tèmi.

"Mo mọ̀ pé Kirisitẹni ni," Bàbá wí. "Kó wá, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní gbangba pé òun fẹ́ fi ẹ́ ṣaya. Mi ò ní fún ẹni tó ń fi fóòmù bojú lọ́mọ."

"Jẹ́ kí Mọ́mì rọ̀ díẹ̀ ná," Ayọ̀ máa ń sọ. Mọ́mì ò rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Treasure, nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù wọn, wá gba ìrọ̀rí. "A máa ṣàárò físíò wa o," ó ní. "Ìbàdàn kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé."

"Ìbàdàn kẹ̀?"

"Áà, Àǹtí, ẹ ò gbọ́ ni? Ó ti béèrè àyè láti lọ kàwé gboyè kejì ní yunifásítì. Ọ̀gá wa ló kọ̀wé jẹ́rìí rẹ̀."

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ.

Nígbà tí Ayọ̀ dé, mi ò ní kó jókòó. "O fẹ́ lọ sí Ìbàdàn, o ò sọ fún mi."

"Mọ́mì ló ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó bọ́ sí i. Ó ní ojú ayé ò dáa. Wọ́n ń gbààwẹ̀ lé e lórí ní ìjọ."

Mo mọ àṣà yẹn. À ń ṣe é nílé tiwa náà. Ẹni tó ń kọ́lé á ní òun kàn ń ro oko ni. Ẹni tó gba físà, ọjọ́ tó bá débẹ̀ la máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tá là ń fi nǹkan pamọ́ fún.

"Ayọ̀, ṣé èmi ni ayé tí ẹ ń gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀?"

Ó na ọwọ́ sí mi, mo sún sẹ́yìn.

"Máa lọ. Tó o bá mọ ohun tí mo jẹ́ sí ẹ, padà wá."

Ó dùn mí gan-an. Mo ń rán ìrọ̀rí, mò ń tú u, mò ń tún un rán. Tí mo bá tòògbé lọ́sàn-án, màá rí ojú irin Ijoko, rélùwéè ń lọ láìpariwo, òun nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Ó padà wá. Òjò ti pa á.

"Lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo wá sọ fún ẹ kó tó bọ́ sí i."

Mo fún un láṣọ ìnura. "Kí lo fẹ́ lọ kọ́ níbẹ̀?"

"Bàbá tí mo ra ìrọ̀rí fún, ó ti ń dìde dúró, ṣùgbọ́n kò rìn. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ tèmi tán sí. Mo fẹ́ mọ èyí tó kù."

"Nígbà náà, lọ."

"Tí wọ́n bá gbà mí ńkọ́? Ìwọ ńkọ́?"

"Ọkọ̀ ń lọ sí Ìbàdàn láràárọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́."

Ó fi orí lé èjìká mi. Omi òjò ara rẹ̀ rin mí gbingbin, mi ò sún.

Ó lọ. Wọn ò gbà á.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, Ayọ̀ ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwọ ni Hajarat? Ó sọ fún ẹ, àbí kò sọ?"

Mo kúnlẹ̀. "Ó sọ fún mi, mà."

"Ẹ ò rí nǹkan! Kó tó sọ fún ẹ, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ó sọ fún ẹ, ilẹ̀kùn tì pa!"

Ayọ̀ ni mò ń wò. Tó bá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ti parí láàárín wa.

"Mọ́mì," ó ní, "ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni mi ò dáhùn dáadáa. Hajarat ò sí níbẹ̀."

"Rọra sọ̀rọ̀! Ayé ń gbọ́!"

Ayọ̀ bá jáde sí títì. "Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Mo béèrè àyè láti kàwé sí i ní Ìbàdàn, wọn ò gbà mí! Màá tún béèrè lọ́dún tó ń bọ̀! Mo sì fẹ́ fi Hajarat ṣaya! Ẹ̀yin náà ti gbọ́!"

Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí. "Mo gbé! Ó ti tú u síta tán!"

Sírájúdéènì tó ń lẹ táyà ló kọ́kọ́ fọhùn: "Àwọn tó kọ̀ ẹ́ ni wọ́n máa fẹsẹ̀ ara wọn wá ẹ!"

"Àmín!" gbogbo wọn dáhùn.

Bàbá mi dìde ní ìsọ̀ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára fìlà ọwọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọlọ́hun Ọba, ilẹ̀kùn tó tì, bá a ṣí i."

"Àmín!"

Mo rí ìyá Ayọ̀ tó di ojú. Obìnrin tó ti ń gbàdúrà láti kékeré, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ àdúrà kí wọ́n dákẹ́.

"Ọmọ yìí kò ní rí ìtìjú."

"Àmín!" Ohùn tirẹ̀ ti borí tiwa.

"Ìmọ̀ tó ń wá, yóò rí i gbà."

"Àmín ní orúkọ Jésù!"

"Òun àti Hajarat ọmọ mi, wọn yóò jọ dàgbà, wọn yóò jọ darúgbó."

"Àmín!"

Ó lajú. Ó wo bàbá mi. "Bàbá, ẹ dúró ná..."

"Ó ti gòkè, Ìyá," Bàbá wí, ó ń padà lọ jókòó. "Kò sẹ́ni tó lè sáré bá a mọ́."

Ẹ̀rín sọ ní gbogbo àdúgbò. Obìnrin náà fẹ́ fajú ro, ẹnu rẹ̀ kò gbà fún un. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó ń fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú. Ayọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kóun wọlé.

"Hajarat," ìyá rẹ̀ pè mí jẹ́jẹ́. "Dìde nílẹ̀. Wá jókòó tì mí."

Mo jókòó tì í.