Gbòǹgbò Ẹ̀wà Kì í Purọ́

“Ẹ̀wà tí mo gbìn lánàá,” ni Ọlátúbọ̀sún wí, “ti gbé ewúrẹ́ ìyá mi lọ sójú sánmọ̀! Ewúrẹ́ ń jẹ ewé lọ́wọ́, ẹ̀wà ń ga lọ́wọ́. Kí ewúrẹ́ tó gbórí sókè, òun àti àwọsánmà ti ń kíra wọn. Òjò tó rọ̀ láàárọ̀ yìí kì í ṣe òjò o. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó jẹ́!”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Fọláṣadé tó jókòó níwájú rẹ̀ ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

“Túbọ̀sún, ẹ̀wà tí kò tíì kúrò nínú àpò Dókítà lo ti gbìn?”

“Ẹnu mi ti gbìn ín. Ọwọ́ ló kù.”

Bí ọmọkùnrin náà ṣe rí nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹnu la fi ń kọ́lé, òun nìkan ì bá ti kọ́ Adó-Èkìtì tán lọ́dún 1978 yẹn, kó sì fi ìyókù kọ́ Ìyìn.

Dókítà tí wọ́n ń sọ yìí, Monínúọlá Akínyẹlé lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, dókítà kòkòrò ni. Yunifásítì ló ti wá sí iléèwé wọn nítòsí àdúgbò Adébáyọ̀ l’Adó. Ó gbé ìgò méjì ka orí tábìlì. Omi inú ìgò kan ṣì mọ́ díẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀fọ́. Ti èkejì ṣú bí ìgbà tí wọ́n gún odidi igbó kìjikìji sínú rẹ̀.

“Ewé wẹ́wẹ́ tó máa ń bo ojú adágún omi ló wà nínú ìgò méjèèjì,” ni Dókítà wí. “Ọjọ́ kan náà ni mo dà wọ́n síbẹ̀. Mo fi bakitéríà sí èyí tó ṣú yìí. N kò fi nǹkan kan sí èkejì.”

“Ṣebí bakitéríà ló ń fa àìsàn, Mà?” ni Fọláṣadé bèèrè.

“Àwọn kan ń fà á. Ṣùgbọ́n bí olè ṣe wà nílùú, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbẹ̀ wà. Àgbẹ̀ ni àwọn tí èmi ń ṣèwádìí wọn. Ojú lásán ò lè rí wọn. Èyí tó bá ẹ̀wà mu á wọ inú gbòǹgbò, á kọ́lé síbẹ̀ bíi kókó wẹ́wẹ́, á máa mú oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́ fún ẹ̀wà. Ẹ̀wà náà á sì máa bọ́ ọ padà.”

Ó fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ Ìyìn-Èkìtì wá fojú ara wọn rí i nínú oko iléèwé. Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè, tíṣà iṣẹ́ ọ̀gbìn, wá yan Túbọ̀sún àti Fọláṣadé. Wọ́n fún oníkálukú ní ebè tirẹ̀, wọ́n sì gbin ẹ̀wà lásán tí kò ní bakitéríà sáàárín méjèèjì. Ẹni tí ẹ̀wà rẹ̀ bá ṣe dáadáa jù ni yóò lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ lọ́dọ̀ Dókítà, tí yóò máa yọjú wo ẹ̀rọ tó ń sọ kòkòrò di ràbàtà.

Háà! Túbọ̀sún fẹ́ ìsinmi yìí ju bí ajá ṣe ń fẹ́ eegun lọ. Ó ti ń ro bí òun yóò ṣe padà dé wá ròyìn pé òun bá bakitéríà kan pàdé tó dé fìlà.

Dókítà po ìyẹ̀fun dúdú kan tí bakitéríà wà nínú rẹ̀ mọ́ omi ṣúgà, ó yí ẹ̀wà nínú rẹ̀ títí ó fi dà bí èédú. Ó wé ti oníkálukú sínú aṣọ tútù.

“Wọ́n wà láàyè o,” ló wí. “Ẹ má jẹ́ kí oòrùn rí wọn. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni kí ẹ gbìn wọ́n.”

Fọláṣadé gbìn tirẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Túbọ̀sún ní tirẹ̀ yà síbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì ń ròyìn ewúrẹ́ tó lọ sójú sánmọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó tú aṣọ ọ̀hún lówùúrọ̀, ẹ̀wà tutù, ó ń wú. Kí ni ọmọ Èkìtì yóò ṣe sí ohun tó fẹ́ bu? Yóò sá a sórí àpáta ni! Ìyá rẹ̀ sá elùbọ́ sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, Túbọ̀sún sì da ẹ̀wà dúdú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oòrùn ọjọ́ náà, aláǹgbá tó bá gba orí àpáta yẹn kọjá, ó di dandan kó dé òdìkejì ní sísun.

Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ọjà Ọba dúró wò ó. “Ọmọ, ẹ̀wà rẹ dúdú báyìí?”

“Ẹ̀wà òyìnbó ni, Bàbá.”

Nírọ̀lẹ́, ó gbin ohun tó kù. Ẹ̀wà hù lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí ti Fọláṣadé dúdú minimini, ti Túbọ̀sún pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀wà lásán tó wà láàárín.

“Túbọ̀sún, ewúrẹ́ ò tíì sọ̀ kalẹ̀ ni?” làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í.

Dókítà wá wo oko. “Ọlátúbọ̀sún, ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀? Bí nǹkan bá ti bàjẹ́, sọ fún mi, mo ní òmíràn.”

Òtítọ́ dé ètè ọmọ yìí. Ìtìjú tì í padà sọ́nà ọ̀fun.

“Rárá o, Mà. Ẹ̀wà tèmi ń ronú ni. Tó bá ronú tán, á fò sókè.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó yọ́ lọ sí ilé adìyẹ iléèwé, ó kó ìgbẹ́ adìyẹ kún àpò, ó rì í mọ́ ìdí ẹ̀wà. Kò pẹ́ púpọ̀, ewé ẹ̀wà rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn. Ìyangàn bá tún dé. Ó ní adé ọba ìlú kan ni wọ́n fẹ́ fi ewé kan bò.

Ọjọ́ tí àwọn àgbẹ̀ Ìyìn dé, Túbọ̀sún ló kọ́kọ́ dúró níwájú, àyà rẹ̀ yọ síwájú bíi ti àkùkọ.

“Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ wo iṣẹ́ bakitéríà! Òní ni mo ń lọ yunifásítì!”

Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Akínọlá ṣí ewé náà wò, ó tún ṣí òmíràn. “Ewé rèé. Ẹ̀wà ń kọ́? Ṣé ewúrẹ́ ni wá ni?” Èso tó wà lórí rẹ̀ kò tó nǹkan. Ti Fọláṣadé so jìngbìnnì.

Dókítà kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó hú ẹ̀wà Fọláṣadé kan, ó fi omi ṣan gbòǹgbò rẹ̀. Kókó wẹ́wẹ́ so mọ́ ọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó la ọ̀kan, inú rẹ̀ pọ́n bí ẹran tútù. “Ilé bakitéríà nìyí, wọ́n sì wà nílé.” Àwọn àgbẹ̀ hó yèè. Ó wá hú ti Túbọ̀sún. Gbòǹgbò rẹ̀ ń dán bí orí apárí. Kókó kan ò sí níbẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ funfun kan ló lẹ̀ mọ́ ọn.

Dókítà gbé ìyẹ́ náà sókè. “Láti ìgbà tí mo ti ń ṣèwádìí, bakitéríà mi kò hu ìyẹ́ rí.”

“Mà, ẹ̀wà yìí ga débi pé... pé ẹyẹ lékeléke tẹ́ ìtẹ́ sórí rẹ̀!”

“Ẹyẹ tó ń yàgbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀?” ni Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè wí. Ó ti ń fín imú.

Bàbá Akínọlá bá na ìka sí i. “Ẹ dúró ná. Ìwọ kọ́ ni mo bá lórí àpáta lọ́jọ́ tí mo ru uṣu lọ ọjà? Ìwọ lo sá ẹ̀wà dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ elùbọ́!”

Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn.

“Oòrùn ló pa wọ́n,” ni Dókítà wí jẹ́ẹ́. “Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá fún ọ ní òmíràn, ǹ bá sì fi tìrẹ kọ́ àwọn bàbá yìí pé wọn kò gbọdọ̀ sá a. Àṣìṣe kì í ba iṣẹ́ ìwádìí jẹ́, Ọlátúbọ̀sún. Irọ́ tí a fi bò ó ló ń bà á jẹ́. Fọláṣadé, múra, èmi àtìwọ la jọ ń lọ.”

“Túbọ̀sún, súnmọ́ bí!” ni Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè wí, ó ń wá ẹgba.

Ta ni yóò súnmọ́? Túbọ̀sún ti fò kọjá ebè mẹ́ta. Ó ń sáré débi pé àárẹ̀ mú òjìji rẹ̀ lọ́nà, òjìji náà jókòó. Eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ bo Ọjà Ọba tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò fi tan àtùpà lọ́sàn-án gangan.

Fọláṣadé ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹnu, ó sì kígbe tẹ̀ lé e:

“Túbọ̀sún! Tó o bá dókè ọ̀hún, bá wa kí ewúrẹ́ o!”