Ìka Gígùn Ìbídùnní

Ẹ̀rọ tó ń na ìka! Ẹ gbọ́ mi ná. Ní Àkọ́dà, ìlú tí àwọn ọmọ wa tẹ̀ dó sórí òṣùpá, kò sóhun tójú ò rí. Anàka ni wọ́n sọ ẹ̀rọ náà, ọ̀dọ́mọbìnrin onímọ̀ kan, Fadérera, ló sì ṣe é. Ẹni tó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ ni Ìbídùnní, tó ń tẹ dùùrù ńlá tí ẹ mọ̀ sí píánò.

Ọwọ́ Ìbídùnní kéré jọjọ. Bí àtàǹpàkò rẹ̀ bá wà lórí dò ìsàlẹ̀, ọmọńdinrín rẹ̀ kì í dé dò òkè. Bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ kí ó tẹ orin kan tí dò méjèèjì ń dún pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n sì ti sọ pé bí kò bá lè tẹ orin náà pé, rọ́bọ́ọ̀tì ni yóò tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára, kò lè jẹun.

"Tẹ ti ìsàlẹ̀, kí o sáré tẹ ti òkè," ni Bàbá Adégòkè wí, arúgbó tó kọ́ ọ ní dùùrù. "Ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi á mọ̀, Bàbá."

Bàbá kọjú sí Fadérera. "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo ti fẹ́ rí egungun tí wàá fi kún ìka ọmọ ọlọ́mọ?"

"Lára àǹtí mi náà ni, Bàbá. Ibi tí kò wúlò fún iṣẹ́ wọn ni Anàka ó ti mú un. Ṣebí ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ dùùrù?"

Bàbá pòṣé. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ẹ fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a."

Wọn ò gbọ́. Ìbídùnní wọ inú Anàka, ó sùn, ó jí. Háà! Ìka gígùn gbọọrọ! Ó jó, ó dì mọ́ Fadérera. Ìró rẹ̀ ń gbálẹ̀, ó rò pé ó tú ni, ó tún un ró. Kò sẹ́ni tó wo ìsàlẹ̀, ìka ni gbogbo wọn ń wò.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Ìbídùnní na ọwọ́: dò pẹ̀lú dò, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ irin abẹ́ dùùrù, èyí tí kì í jẹ́ kí ohùn tètè kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Ó ń rọ̀ dirodiro.

Fadérera di orí mú. "Yéè! Wọ́n tún ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni?"

Kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, Bàbá ti ṣí fìlà, ó ti rá wọ abẹ́ dùùrù, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ irin náà. Orin gba gbogbo ilé kan. Nígbà tó parí, àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń hó yèè.

Fadérera sáré dé. "Ẹ má bínú, àǹtí mi. Egungun ẹsẹ̀ tó ti lọ kò ní padà mọ́."

Bàbá yọ orí lábẹ́ dùùrù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Èmi ti di ẹsẹ̀ ẹ nìyẹn, Ìbídùnní. Lọ́jọ́ tí mo bá kú ńkọ́?"

Ìbídùnní fi ìka gígùn rẹ̀ gbọn eruku orí bàbá náà.

"Ẹ má tíì kú, Bàbá. Orin kejì ló kàn."