Aṣọ Funfun Tinú

Aṣọ tí a fọ̀, tí a lọ̀, tí a sì tì mọ́ inú àpótí, kò yẹ kó ní yanrìn létí. Mo tún un yẹ̀ wò. Yanrìn ni lóòótọ́, yanrìn funfun tó ṣì rin, ó lẹ̀ mọ́ etí aṣọ náà yípo. Mo gbọ̀n ọ́n dànù lójú fèrèsé, mo ká aṣọ padà, mo tì í, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ há ìdí ìró mi. Ọjọ́ Ajé ni, ní ọdún 1968, ọ̀sẹ̀ tí Sabínà àbúrò mi ń múra láti gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Sọ́ńdè.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yanrìn tún wà níbẹ̀.

Mẹ́sàn-án ni wọ́n bí wa, obìnrin mẹ́fà, ọkùnrin mẹ́ta, gbogbo wa nínú yàrá méjì ní Ajégúnlẹ̀. Èmi Fẹlísíà ni àkọ́bí. Kò sí ọdún tí kì í sí ẹni tí wọ́n fẹ́ sàmì fún nílé wa, tàbí ẹni tó ń kọ́ katikísìmù sórí tó sì ń dí wa létí. Káfíńtà ni bàbá mi ní Creek Road, àpótí ńláńlá tí wọ́n ń kó ẹrù ọkọ̀ òkun sí ló ń kàn. Ìyá mi ń ránṣọ. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, iṣẹ́ tèmi ni kí n wẹ̀ fún àwọn kékeré, kí n di irun, kí n sì gbá ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín nígbà Róṣárì létí. Mo mọ iṣẹ́ yẹn ṣe dáadáa.

Aṣọ funfun kan ṣoṣo ni àwa ọmọbìnrin ní fún gbígba Ara Olúwa. Léèsì ni. Ọwọ́ atukọ̀ òyìnbó kan ni bàbá mi ti rà á ní wọ́ọ̀fù Apápá nígbà tó kan èmi. Ìyá mi fi àlékún sílẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó ń rán an, kó lè ṣeé tú fún ẹni tó bá sanra, kó sì ṣeé gbà wọlé fún ẹni tó bá rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èmi wọ̀ ọ́, Àńgẹ́sì tó tẹ̀lé mi wọ̀ ọ́, ó wá kan Tinú ní ọdún 1966.

Tinú ò wọ̀ ọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ibà dá a dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ó sì kú ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kó gba Jésù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Fadá ní kí a fi aṣọ funfun náà sin ín, pé ọmọ tó bá kú lẹ́nu ọ̀nà báyìí, aṣọ tó fẹ́ fi pàdé Olúwa rẹ̀ ló yẹ ká wọ̀ fún un. Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ náà, gbogbo àdúgbò wá, wọ́n rí i, wọ́n sunkún, wọ́n lọ. Ohun tí àdúgbò rí nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ̀yin náà á ti máa bi ara yín pé báwo ni aṣọ tí wọ́n fi sin òkú ṣe tún wà nínú àpótí wa. Bàbá mi ò bi wá rí. Ìyá mi sọ fún un pé òun ra òmíràn tó jọ ọ́, òun sì tún un ṣe, bàbá mi sì gbà bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ọkùnrin ni, pé ojú ọkùnrin kì í dá aṣọ mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Mama Akpevwe pè mí. Ará Úròbò ni, ó máa ń yan ẹja ní òdìkejì ọ̀nà wa. Ọdún tó ṣáájú ló kó dé àdúgbò. Kò mọ Tinú rí.

"Felicia, come," ó wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Who be that small girl wey dey una well side?"

"Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀, Mà."

"One pikin wey wear white. I greet am, she no answer. She just hold the cloth for neck, like this."

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ń rùn fún èéfín di ọrùn aṣọ ara rẹ̀ mú gírígírí, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan, ọmọ aládùúgbò ni. Mo sọdá ọ̀nà padà, n ò mọ bí mo ṣe sọdá.

Ìyá mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Mama Akpevwe wí, Ìyá?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí Sabínà wọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ lọ. Fadá ò ní lé e."

"Kí ojú lè tì wá láàárín ọmọ mẹ́rìnlélógún tó wọ funfun?" Kò yíjú sí mi. "Rọra sọ̀rọ̀. Ẹyin lohùn, Fẹlí. Bàbá rẹ ò gbọdọ̀ gbọ́."

Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Ìyá mi tó ń jí wa lọ sí Máàsì àárọ̀ lójoojúmọ́, ó ti pé ọdún méjì tí kò jáde lọ gba Ara Olúwa. Bí àwọn yòókù bá dìde, á ní orúnkún ń dun òun. Èmi nìkan ni mo mọ irú orúnkún tó ń dùn ún. Èmi náà ṣì ń jáde ní tèmi, mo sì ń yanu. Nínú àwa méjèèjì, n ò mọ ẹni tó burú jù.

Sọ́ńdè dé. Èmi ni mo wọ aṣọ náà fún Sabínà. Nígbà tí mo ń de bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀, ara rẹ̀ tutù, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ti ń ta wá nínú yàrá. Mo bi í bóyá òtútù ń mú un. Ó ní rárá, pé aṣọ náà ló wúwo.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ kúnlẹ̀ sórí ìlà níwájú pẹpẹ. Ìjókòó wa ò jìnnà, mo na ọrùn, ojú mi ò kúrò lára Sabínà. Mo rí Fadá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo rí i tó gbé Ara Olúwa lé e lórí ahọ́n. Ìṣojú mi kòrókòró ni. Ọmọ náà padà wá, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó fi ẹnu kan etí mi.

"Àǹtí, wọn ò fún mi."

"Kí lò ń wí? Mo rí i."

"Ẹlòmíì ló yanu níwájú mi."

Ó yanu kí n wò ó. Ẹnu rẹ̀ gbẹ. Mo ní kó pa ẹnu dé, kó gbàdúrà, mo sì fún un ní ìkúùkù kékeré níhà. Kí Ọlọ́run dárí ìyẹn náà jì mí.

A sè ráìsì, a pa adìẹ méjì, àwọn aládùúgbò wá bá wa yọ̀. Ní ọ̀sán, mo ní kí Sabínà wá kí n bọ́ aṣọ funfun náà kí ọbẹ̀ má bàa ta sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn aṣọ náà mú.

"Ẹ má bọ́ ọ mọ́," ó wí. "Ẹ ti bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní afínjú ni, wọ́n ní ọmọ yìí á yọ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde síta, kò sì jẹun mọ́ ní ọjọ́ náà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ara Sabínà ti ń jó bí ààrò. Ní ọjọ́ Ajé a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò dá mi mọ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lọ́rùn aṣọ náà. Bí a bá fẹ́ tú u, a máa ń rò pé ìka rẹ̀ á ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ọjọ́bọ̀ nínú ilé wa, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló ń kà á sọ́kàn. Ìyá mi jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń wọ́n omi mímọ́ sí ọmọ náà lára títí ìgò fi gbẹ. Èmi ò lè jókòó. Mo gbálẹ̀ tán mo tún gbá a. Mo lọ síbi kànga, mo gbàgbé korobá, mo padà.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, mo rí i pé Ọjọ́bọ̀ á bá wa lórí irọ́ yìí, Sabínà á sì lọ. Mo bọ́ sọ́nà. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Creek Road, láàárín àwọn lọ́rì, n ò tilẹ̀ rántí wọ bàtà.

Bàbá mi wà lẹ́yìn ilé ẹrù pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ó wò mí. "Ṣé ó ti kú?"

"Rárá, Bàbá. Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti jẹ́wọ́." Mo kúnlẹ̀ sínú ìdọ̀tí pákó. "Aṣọ Tinú ni. Nígbà tí ẹ̀yin àti àwọn àlejò jáde sẹ́yìn ilé, ìyá wa bọ́ ọ lára rẹ̀. Ìyá ní àwọn ọmọbìnrin ṣì wà lẹ́yìn, níbo la ti fẹ́ rí irú rẹ̀. Èmi ni mo gbé apá rẹ̀ sókè. Apá náà ti le, a sì fi agbára ṣe é. Ìró àtijọ́ ni a fi wé e."

Mo ń retí pé á gbá mi. Ó jókòó sórí àpótí tó ń kàn lọ́wọ́.

"Mo mọ̀," ó wí.

Mo gbé ojú sókè wò ó.

"Ta lo rò pé ó kan pósí ọmọ mi, Fẹlí? Mo ní kí n tún ojú rẹ̀ wò kí n tó dé e. Mo rí ìró ìyá rẹ lára rẹ̀. Mo dúró, òòlù wà lọ́wọ́ mi. Èmi náà ro ti àwọn tó kù. Mo sì kàn án." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nítòsí. "Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbá ìṣó kan níbí, mo máa ń gbọ́ èkejì. Láti inú àpótí ló ti ń dún."

Ó fi òòlù gbá ìṣó tó wà níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni nǹkan gbá pákó náà láti inú, jẹ́jẹ́, bí ìka ọmọdé.

A sáré dé ilé. Nígbà tí ìyá mi rí ojú bàbá mi, ó ti mọ̀, ó wólẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Dìde," bàbá mi wí. "A jọ ṣe é ni. Èmi náà rí i, mo sì dákẹ́."

Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. Sabínà la ojú, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò wá, n ò ní purọ́, kì í ṣe tirẹ̀.

"Tinú," bàbá mi wí, omi ń dà lójú rẹ̀, "bàbá rẹ ni. Mo rí ohun tí wọ́n ṣe sí ọ, mo sì kàn án mọ́ ọ. Bínú sí mi. Má bínú sí àbúrò rẹ. Tú u sílẹ̀ fún mi, kí n lè gbé aṣọ rẹ wá bá ọ kí oòrùn tó wọ̀."

Ìka kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú lọ́rùn aṣọ náà. Ìyá mi bọ́ ọ, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi kan àpótí kékeré, a ká aṣọ náà sínú rẹ̀, àwa mẹ́ta gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Yanrìn funfun ni ilẹ̀ ibẹ̀, omi ń sun nínú rẹ̀. Ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbẹ́ ẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló fi gbẹ́ ẹ. Nígbà tí a padà délé, Sabínà ti jókòó, ó ń bèèrè ẹ̀kọ. Ọjọ́bọ̀ kọjá lórí wa láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé, àwa mẹ́ta jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa. Ní Sọ́ńdè, Sabínà wọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ jáde lọ gba Ara Olúwa, ìyá mi sì jáde tẹ̀lé e fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì. Bàbá mi tẹ̀lé wọn, èmi sì dúró ti àwọn kékeré. Wọ́n kúnlẹ̀. Mo rí i pé àyè díẹ̀ ṣófo láàárín Sabínà àti ìyá mi. Mo rò pé wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni.

Fadá dé ọ̀dọ̀ Sabínà. "Ara Kristi."

"Àmín."

Fadá gbé ẹsẹ̀ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú àyè tó ṣófo náà, bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọmọdé, ó sì na ọwọ́. "Ara Kristi," ó wí, láìdúró, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó gbé ọwọ́ rẹ̀ padà, Ara Olúwa ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó kọjá sọ́dọ̀ ìyá mi.

Sabínà padà wá sí ìjókòó wa. Ojú rẹ̀ mọ́, ó pa ẹnu dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò kúnlẹ̀. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń wò mí títí ó fi gbé e mì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sí i," ó wí jẹ́jẹ́. "Àyè ò gba àwa méjì."

Mo sún.