Orúkọ Tí Wọn Kì Í Pè ní Beti-Rimoni

Ìsàlẹ̀ kànga ni Pelaia wà nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Ó ń fi ẹfun rẹ́ inú kànga òjò opó kan tó ń jẹ́ Atara, ẹfun ti kùn ún láti irun dé èékánná, ni nǹkan kan bá dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbójú sókè. Orí ọmọbìnrin kan ló yọ ní ẹnu kànga, ìborùn pupa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ́rùn rẹ̀, èjí sì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ìwọ tó funfun yìí,” ni ọmọbìnrin náà wí, “ṣé ènìyàn ni ọ́ àbí òkú?”

“Òkú ni mí. Ebi ló pa mí. Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn?”

“Búrẹ́dì ọkà bálì ti Ìyá Atara ni. Òkú kì í jẹun.”

“Òkú ìlú yín ni kì í jẹun.”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bu búrẹ́dì náà sí méjì, ó fi okùn sọ ìdajì kalẹ̀ sí i nínú agbè. Pelaia jẹ ẹ́ tẹfuntẹfun, ó sì béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọmọbìnrin náà.

“Àlejò ni ọ́ lóòótọ́.”

“Ọmọ bíbí ibí ni mí. Hela ni ìyá mi. Àtikékeré ni mo ti lọ kọ́ṣẹ́ kànga ní Lakiṣi, ikú bàbá mi ló mú mi padà wá.”

“En-yore ni mò ń jẹ́,” ó wí, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń ṣí egbò.

Gbogbo wa la mọ ohun tí ó túmọ̀ sí: kò sí àkọ́rọ̀ òjò.

“Èmi ń gbẹ́ kànga òjò jẹun,” ni Pelaia wí láti ìsàlẹ̀. “Bí àkọ́rọ̀ òjò kò bá sí, ta ni yóò pè mí síṣẹ́? Ọ̀tá mi ni ọ́ nìyẹn.”

Láti ọjọ́ náà lọ ló ti ń pè é ní ọ̀tá mi, kò sì sí orúkọ ìfẹ́ tó dùn jù ú lọ létí ọmọbìnrin náà.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wòlíì Ṣafati, bàbá En-yore, gbogbo ìlú ló wò. Lọ́dún tí wọ́n bí i, àwọn tó lágbára ń yí òkúta ààlà wọnú ilẹ̀ àwọn opó. Ọ̀rọ̀ Olúwa tọ Ṣafati wá pé níwọ̀n ìgbà tí òkúta wọ̀nyẹn bá wà níbi tí wọ́n yí wọn dé, ojú ọ̀run yóò máa sé lákòókò àkọ́rọ̀, àti pé orúkọ ọmọ rẹ̀ ni kí ó fi jíṣẹ́ náà. Bí ìyá ọmọ bá sì ti ń ké sí i pé kó wá jẹun, ìdájọ́ ni gbogbo àdúgbò ń gbọ́.

Ẹ wá wo ọgbọ́n àwọn ènìyàn mi. Wọn kò dá òkúta padà o, orúkọ ni wọn kò pè mọ́. “Ọmọ Ṣafati” ni wọ́n ń pè é. Ọdọọdún ni òjò ń pẹ́ sí i, tí ọkà bálì ń kú sínú ilẹ̀, wọn a sì máa wo ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni tó gbé òjò mì.

Kànga tí kò yẹ kó gbà ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ gba oṣù méjì.

“Pelaia,” ni Atara wí lọ́jọ́ kan, “ṣé o ń rẹ́ kànga yìí ni àbí o ń bá a ṣeré?”

“Àpáta yìí ló le, Ìyá.”

“Àpáta kọ́ ló ń gbé búrẹ́dì wá láràárọ̀.”

Nígbà tí Pelaia sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ gbé En-yore níyàwó, Hela dá ọlọ tó ń lọ̀ dúró. “Ọmọ dáadáa ni. Mi ò ní kì í ṣe ọmọ dáadáa. Ṣùgbọ́n orúkọ a máa ro ọmọ. Ṣé o fẹ́ kí n máa dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n máa ké ‘Kò sí òjò’ lórí oko ara mi? Pè é ní Naama ní ẹnubodè, màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.”

Nílùú wa, ẹni tó bá ń gbéyàwó gbọ́dọ̀ pe orúkọ ìyàwó lẹ́ẹ̀mẹta níwájú àwọn àgbà ní ẹnubodè. Orúkọ tó bá pè níbẹ̀ ni wọn yóò máa pè é nílé ọkọ títí ayé. Pelaia rò pé nǹkan kékeré ni. Bí ẹni gbé ẹ̀bùn lọ́wọ́ ló gbé ọ̀rọ̀ náà tọ En-yore lọ nínú ọgbà àjàrà.

“Naama dùn lẹ́nu,” ni En-yore wí. “Ta ni?”

“Ìwọ ni, ọ̀tá mi.”

“Èmi kọ́. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, ẹni méjì péré ló ń pè mí lórúkọ. Bàbá mi ń pè é bí ẹni gbé ẹrù wúwo. Ìwọ nìkan lo ń pè é bí ẹni pé ènìyàn ló ń jẹ́ ẹ. Bí ìwọ náà bá dákẹ́, Pelaia, mo tán nìyẹn.” Omijé ti dé ojú rẹ̀. “Orúkọ mi kọ́ ló yẹ kí o yí padà. Ìwọ tó o mọṣẹ́ kànga, o ò tíì bi ara rẹ ìdí tí kànga Ìyá Atara fi wà létí ààlà yín?”

Ó ti bi ara rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ló ti rí i, tó sì gbé ìbéèrè náà mì. Kò sẹ́ni tí í gbẹ́ kànga òjò sétí ilẹ̀. Àárín oko ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí, kí omi lè ṣàn wá láti ìhà gbogbo. Pelaia mọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ tó ti kú, kò sì fẹ́ mọ̀.

Ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó bi í léèrè. Hela kò jiyàn.

“Ọdún ìyàn ni,” ó wí. “Ọkọ Atara ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ìwọ sì ń sunkún ebi. Bàbá rẹ yí òkúta ààlà wọnú ilẹ̀ rẹ̀, ó ní òun á dá a padà tí òjò bá rọ̀.”

“Òjò padà rọ̀ lọ́dún náà, Ìyá.”

“Ó rọ̀. Àmọ́ igi ólífì yẹn ti ń so fún wa nígbà náà.”

Lọ́jọ́ kejì, Pelaia hú òkúta náà, ó yí i ní ogójì ìṣísẹ̀ títí tó fi já sínú ihò rẹ̀ àtijọ́. Igi ólífì mọ́kànlá padà sọ́wọ́ Atara. Hela jókòó sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ó fi ìborùn bojú bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí ọmọ rẹ̀ dúró. Atara wá, ó fọwọ́ kan igi kan, ó ní, “Ọkọ mi ló gbin èyí.”

Nígbà tí ìkórè àjàrà parí, wọ́n pé sí ẹnubodè. Ṣafati di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Pelaia ké, “En-yore.” Àwọn kan fọwọ́ di etí. Ó tún ké e, ọ̀kan tutọ́ sílẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ó rọra pè é bí ẹni pé àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀. En-yore ń sunkún, èjí rẹ̀ sì hàn.

Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò rọ̀ lóṣù náà. Hela ń ṣe dáadáa sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ẹran tó dára jù ló ń fi sáwo rẹ̀, ṣùgbọ́n “ìwọ ọmọ yìí” ló ń pè é. Bí En-yore bá jìnnà, a máa pàtẹ́wọ́ pè é. En-yore a sì máa dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bó tilẹ̀ ń dùn ún wọra. Láàárín ìgbà náà, ilé méjì mìíràn yí òkúta wọn padà láìbá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, En-yore wà lẹ́nu kànga Atara, Pelaia wà nínú rẹ̀, ó ń fi ẹfun dí ibi tó ti sán. Hela nìkan ló wà nílé, gbogbo àjàrà tí wọ́n sá fún ọdún náà sì wà lórí òrùlé. Ìkùukùu dìde láti ìhà òkun, ó dúdú, ó ń yára bọ̀. Hela pàtẹ́wọ́. Afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Ó ké, “Ìwọ ọmọ yìí!” Afẹ́fẹ́ gbé ìyẹn náà lọ. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí i níwájú orí.

“En-yore!” Gbogbo ìlú ló gbọ́. “En-yore o, ìyàwó mi, òjò ti dé, sáré wá ká jọ kó àjàrà!”

En-yore dúró gbagidi lẹ́nu kànga, òjò ń rọ̀ sí i lójú. Orí Pelaia yọ níwájú rẹ̀, ó funfun balau.

“Ọ̀tá mi, wọ́n ń pè ọ́.”

“Mo gbọ́,” ni En-yore wí. “Jẹ́ kí wọ́n tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Hela sì tún un pè.