Àwo Bàbà Tí Tuda Ń Ṣọ́

Ọkùnrin kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Atilasi, yìnyín funfun báláú nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ọ̀pá gígùn léjìká. Tuda ń wò ó títí ó fi gbàgbé àwo bàbà oníhò tó léfòó nínú korobá níwájú rẹ̀, èyí tí abúlé òkè fi ń wọn àsìkò omi.

"Arẹwà, àwo rẹ ti rì o."

"Mo rí i. Ta ló bi ọ́?" Irọ́ ni, kò rí i.

Basu ni, ọmọ abúlé ìsàlẹ̀, tí ìjọba gbà síṣẹ́ pé kó máa wọn yìnyín. Lọ́jọ́ kan ó mú Tuda gòkè, ó ní kó gbé etí lé yìnyín náà. Tuda gbọ́ omi tó ń rìn lábẹ́ yìnyín, omi tí ojú kankan ò tíì rí. Háà! Orí rẹ̀ wú, omijé bọ́.

"Ṣé ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo èyí ń bọ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, olólùfẹ́ mi. Èmi náà sì ń bọ̀ wá bá bàbá rẹ."

Nígbà tí Basu dé, Haddu, bàbá Tuda, kọ̀ jálẹ̀. "Ọmọ àwọn tó ń pè wá lólè omi? Láéláé!"

Láràárọ̀, abúlé òkè a máa gba omi títí àwo oníhò náà á fi rì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá; ìyókù ọjọ́ di ti ìsàlẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni Haddu fi ṣọ́ ọ kí ojú rẹ̀ tó fọ́, tí Tuda sì gba iṣẹ́ náà. Èèwọ̀ ni kí wọ́n ha àwo náà, kí ihò rẹ̀ má baà fẹ̀, kí wọ́n má baà rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Síbẹ̀, ọkà bálì abúlé ìsàlẹ̀ ń kú lọ.

Ìgbà tó yá, Tuda gbé àwo náà sókè sí oòrùn. Yéè! Ìdọ̀tí omi ti dì mọ́ ihò náà, abẹ́rẹ́ nìkan ló lè gba inú rẹ̀ kọjá. Àwo ò tètè rì mọ́, omi ìsàlẹ̀ ni abúlé òkè ń gbà. Tó bá sọ ọ́, orúkọ bàbá rẹ̀ bàjẹ́. Tó bá dákẹ́, oko àwọn Basu parun. Kò sùn, kò jẹun.

Ó gbé àwo náà lọ síwájú àwọn àgbà abúlé méjèèjì. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ìka Haddu pẹ́ lórí ihò náà. "Mo jalè," ó wí. "Ìbẹ̀rù olè ni mo fi jalè."

Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ihò náà mọ́. "Títí di ìkórè, ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré la ó máa gbà. Basu, sún mọ́ mi."

"Bàbá, kì í ṣe torí omi ni mo ṣe ń wá..."

"Mo mọ̀. Ojú mi ló fọ́, etí mi ò di. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yín. Mú Tuda, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, omi ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbaaka tí Tuda gùn, ó sì ṣáájú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Àwọn obìnrin tó wá pàdé ìyàwó ti kó sínú omi, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń kígbe ayọ̀.

"Wọ́n ti gbàgbé mi," Tuda wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi ò gbàgbé." Basu gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú omi náà. Ó tutù dé egungun. Tuda tẹ́tí sílẹ̀: ìró tó gbọ́ lábẹ́ yìnyín lọ́jọ́ náà ló ń kọjá lára ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì.